Páálí Ṣúgà Oṣù Ààwẹ̀

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún gàrà-gàrà títí ladáànì fi pe ìrun àṣálẹ́. Ìgbà náà ni bàbá àgbà mi tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, tó gbọn òwú kúrò ní itan. Òórùn ògì gbígbóná àti àkàrà tí ìyá àgbà ń dín ti gba gbogbo àgbàlá wa ní Dowa, ládùúgbò kan nílùú Àjàṣẹ́. Ebi ń pa mí kú lọ, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an kò tíì tó ẹni tí ń gbààwẹ̀!

Bàbá ló ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá fún gbogbo àdúgbò. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀gá títí dé àdúgbò Tokpota. Ní Àjàṣẹ́ wa, bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, ṣúgà la máa ń gbé lọ kí àgbà. Àna ń gbé e bọ̀, ọmọ iṣẹ́ ń gbé e bọ̀, páálí ṣúgà á tò dé ojú fèrèsé. Ẹni tó gbé e wá á dúró kí Bàbá fi mu ògì lójú òun, kí ó sì ṣàdúrà fún òun. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kó gbàgbé.

“Dókítà ní ẹ lè gbààwẹ̀ bí ẹ bá ń lo oògùn, tí ẹ sì jìnnà sí ṣúgà. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa ọkàn yín lára.”

“Mo gbọ́. Ṣé kí n wá máa kéde àìsàn ni? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ara ọ̀gá ò dá mọ́, ta ni yóò gbé aṣọ wá?”

Ló bá ń mu ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, á ti máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo fẹ́ràn bàbá yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ gbé páálí tirẹ̀ dé, ó tú u, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ju ṣúgà sínú ògì Bàbá. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá jókòó yí ká lórí ẹní. Bàbá gbé abọ́, ó gbójú sókè, ó rí ìyá àgbà nídìí agbada àkàrà, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀.

“Ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run á gbà á ní sàárà. Ṣùgbọ́n n kò ní mu ún. Àtọ̀gbẹ ń ṣe mí. Bí n kò bá jáwọ́, ọkàn mi ni yóò mú.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ti abọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Kí la tún ń fi pamọ́? Èmi náà.”

Òmíràn pariwo, “Háà! Ẹ̀yin náà? Mo ṣe bí èmi nìkan ni!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta aṣọ, tó jókòó lẹ́bàá ògiri, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, ó mu ògì tirẹ̀ tán, ó sì nawọ́ gbé ti Bàbá, ó mu ún mọ́ ọn.

Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò bá aláṣọ náà láyé. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló ṣubú sí, wọ́n ní ọkàn ni. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó rẹ̀ fa ìyá àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe òun náà. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀.” Wọ́n jọ sunkún, mo ń wò wọ́n.

Ẹ̀wà àti ẹja ni wọ́n wá ń gbé wá kí Bàbá dípò ṣúgà. Àwọn oníbàárà kò sá. Ó pẹ́ láyé, ó rí ọmọ mi.

Ṣúgà tèmi náà ti ń gòkè báyìí. Bí mo bá lọ síbi ìṣínu, mo máa ń wí i sókè kí wọ́n tó bù fún mi. Àwọn ọmọ mi ní mo ti ya aláìnítìjú. Ẹ jẹ́ kí n yà á! Bí àwọn tó kù bá ti sọ tiwọn, mo máa ń yíjú sí ẹni tó dákẹ́ jù níbẹ̀, mo máa ń bi í pé, “Ìwọ ńkọ́?”