Ọjọ́ Tí Ìyá Rùfáì Rẹ Òwú Tó Ń Mí

Èmi kò fẹ́ràn adìẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí adìẹ ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Nítorí Ṣẹ̀fíátù ni, ìyá Rùfáì, aláró tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìlú Ọ̀wọ̀ nígbà tí ìjọba gbé mi láti Àkókó wá kọ́ni níbẹ̀. Obìnrin náà ga, ẹnu rẹ̀ mú, aró sì ti mu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Tó bá ń bá ọ jà, ọwọ́ dúdú yẹn ni yóò máa nà sí ọ lójú. Èmi náà kì í gbà. A máa ń jà lórí omi, lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, àti lórí ìgbẹ́ adìẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Àwọn adìẹ náà kì í ṣe irú tiwa. Boniface, tó ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó tó ń yẹ òkúta wò ní Òkèlúsè, ló gbé wọn wá fún un lọ́dún 1992: àkùkọ kan, àgbébọ̀ kan. Wọ́n funfun báláú, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ara wọn kì í ṣe ìyẹ́, irun ni, bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Tí o bá la irun náà sí méjì, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ará àdúgbò ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Ìyá Rùfáì ní kí ẹni tó bá mọ àjẹ́ tó ni ín lọ pè é wá. Olówùú ló ń pè wọ́n.

Boniface kò tà wọ́n, kò sì fi wọ́n tọrẹ. Ọ̀sìn ni. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó ni adìẹ ló ni ìyá, òun àti ẹni tó ń bá a sìn ín yóò sì pín ọmọ dọ́gba. Èyí tí àìsàn tàbí àwòdì bá mú, àwọn méjèèjì ló pàdánù rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín bá pa, inú ìpín tirẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Wàhálà wọn pọ̀ ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Wọn kò lè fò sórí igi. Irun bo ojú wọn débi pé ewu a dé tán kí wọ́n tó rí i, nítorí náà Ìyá Rùfáì a máa fi sísọ́ọ̀sì gé e díẹ̀díẹ̀. Ó ń da eérú yí àgò wọn ká nítorí ìjàlọ, ó sì ń bu eérú gbígbẹ sílẹ̀ kí wọ́n máa yí nínú rẹ̀ nítorí iná ara. Tí òjò bá ṣú, kí ó tó kó aṣọ tó sá, adìẹ ni yóò kọ́kọ́ kó wọlé.

Lọ́dún kejì, lùkúlùkú, àrùn tó ń pa adìẹ, jà ní àdúgbò, ó pa àkùkọ náà. Àgbébọ̀ ń sàba nínú yàrá, òun ló fi yè é. Ẹyin tó sàba lé pa, ọmọ méje ló jáde. Bí àwọn méje yẹn bá lọ, irú olówùú ti tán nìyẹn, kò sì síbi tí a ti lè rà á.

Àwòdì kan sì ti rí wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé mẹ́ta. Ní ọjọ́bọ̀, awakọ̀ kan mú iṣẹ́ wá láti Òkèlúsè pé Boniface ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n wá pín ọmọ. Láti ìgbà yẹn, Ìyá Rùfáì kò jókòó mọ́. Òkè ló ń wò ṣáá, ọrùn ń dùn ún.

Lábísí tó ń gbé iwájú wa ló dá a lábàá láàárọ̀ Jímọ̀. Ó ti rẹ àwọn ọmọ adìẹ tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé àwòdì kì í bà lé ohun tí kò bá dá mọ̀.

"Ẹ̀yin aláró!" ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ fún gbogbo ìlú, ọmọ adìẹ yín ló wá funfun báyìí?"

Ìyá Rùfáì kò lo aró ìkòkò, nítorí omi eérú inú rẹ̀ lè fọ́ wọn lójú. Àwọ̀ pupa inú agolo ló pò sínú abọ́, ó sì rì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, òjò ti ṣú. Mo rí i tó jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ pupa, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

"Tíṣà, wọ́n ń kú," ló wí.

Ọmọ adìẹ tiwa, tí o bá rì í bọ àwọ̀, yóò gbọn ara nù, yóò sì sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Olówùú kò ní ìyẹ́ tó lè ta omi dànù. Irun wọn ti mu omi yó, ó lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọn kò sì ju èkúté tó jábọ́ sódò lọ. Wọ́n ń gbọ̀n, ojú wọn ti ń pa dé.

"Ọghọ́ mi! Ọghọ́ mi!" Ó ń fi ọwọ́ kan gbá èkejì. Bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń pe ọwọ́ nìyẹn. Tí inú bá bí i, èdè ìlú rẹ̀ ló máa ń jáde. "Ogún ọdún ni mo ti ń rẹ òwú! Ta ni yóò sọ fún mi pé òwú ń mumi?"

Mo fẹ́ bú u, ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n akátá là ń kọ́kọ́ lé lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Mo mú àkísà, a nù wọ́n. A gbé ọ̀kan sún mọ́ ìyá rẹ̀ kó lè ràdọ̀ bò ó. Àgbébọ̀ náà wo ohun pupa tó ń bọ̀, ó fi ẹnu gún un lórí, ẹ̀jẹ̀ jáde. Kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ìyá Rùfáì tú ìró rẹ̀, ó kó méjì sí àyà, ó sì na méjì sí mi. Èmi tí n kò fẹ́ràn adìẹ! Mo kó wọn sínú bùbá mi, mo jókòó ti iná èédú. Òjò dé, ó ń rọ̀ lu páànù. Mo ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù kìkìkì lára mi. Nígbà tó yá, ọkàn kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́. Mo sunkún, ojú kò tì mí. Kò pẹ́, Ìyá Rùfáì náà yọ ọ̀kan jáde nínú ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Nígbà ìrun alásàrí, àwọn méjì tó kù ti gbẹ, wọ́n ń ké. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé wọn sáyà títí ayé. Bí ìyá wọn bá tún gún wọn, ó parí. Ìyá Rùfáì wọlé, ó mú aṣọ aró tó nípọn jù lọ nínú àpótí rẹ̀ jáde, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́ta bo àgò tí àgbébọ̀ wà. Inú àgò ṣókùnkùn biribiri. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó tì wọ́n wọlé.

Àwa méjèèjì fetí sí àgò. Àwọn ọmọ ké, ìyá dákẹ́. Wọ́n tún ké. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́, jẹ́jẹ́, bí ìyá adìẹ ṣe máa ń pe ọmọ sábẹ́ apá. Ojú ló tàn án jẹ, etí rẹ̀ mọ ọmọ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ fún Boniface pé àwòdì ló gbé márààrún. Ta ni yóò mọ̀?

Boniface dé. Ó ní àwọn òyìnbó ti kó lọ, òun ti ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, òun yóò sì mú àgbébọ̀ òun dání lọ. Ó bèèrè iye ọmọ tó wà.

"Méje," Ìyá Rùfáì wí. "Àwòdì gbé mẹ́ta. Ọwọ́ mi pa méjì." Ó na ọwọ́ pupa náà sí i. "Méjì tó kú ni tèmi. Méjì tó kù ni tìrẹ."

Boniface wo ọwọ́ náà títí. "Ìyá Rùfáì, ẹ mú ọ̀kan."

"Kí n fi kí ni ràdọ̀ bò ó? Ìyá rẹ̀ ń bá ọ lọ. Kó wọn lọ."

Ó sọ ọ̀rọ̀ irun ojú fún un, ti eérú, ti òjò. Boniface gbé àgò, ó fẹ́ ṣí aṣọ aró náà kúrò.

"Fi í sílẹ̀ lórí rẹ̀," Ìyá Rùfáì ní. "Wọn ò tíì mọ ara wọn dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀."

Inú bí mi sí i ní gbogbo ọjọ́ yẹn pé ó kó gbogbo wọn fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe ń múra ilé ẹ̀kọ́, mo gbọ́ igbe àwòdì lókè, mo sì gbọ́ tí Ìyá Rùfáì já jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kígbe lé e. Ó pàtẹ́wọ́ dé àárín àgbàlá, ó wá rántí. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Eérú nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo jáde lọ bá a. Mo gbé ojú sókè, èmi náà sì ń pàtẹ́wọ́, títí àwòdì fi lọ.