Atẹ́gùn Yàrá Bọ́lá

Ẹ jókòó dáadáa o. Ìyàwó mi ní irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ́ ló wà lókè àjà lọ́jọ́ náà. Èmi ni.

Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Ilé kan ní Oregbeni, nítòsí Ikpoba Hill, ní Benin níbí. Ará Àkúrẹ́ ni tọkọtaya tó ń gbé ibẹ̀, ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní bánkì. Bọ́lá, ọmọ wọn ọmọ ọdún méje, kì í lè mí dáadáa nínú yàrá rẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí n wá to páìpù rírọ̀ sókè àjà, kí fáànù ńlá kan máa fẹ́ atẹ́gùn láti ìta sí gbogbo yàrá.

Mo ṣe é tán. Gbogbo yàrá ń gba atẹ́gùn, àfi ti Bọ́lá! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń dín ti pálọ̀ kù, tí mo ń ṣí ti Bọ́lá sí i. Pàbó. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́: bí kò bá ṣeé ṣe títí ọjọ́ Ẹtì, Bọ́lá á kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ò jẹun mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún gan-an sì ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

Bí mo ṣe gun òkè àjà ni iná lọ. Fáànù dákẹ́. Òógùn bò mí, inú ń bí mi sí páìpù bí ẹni pé ó bú mi.

Ni mo bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú páìpù: "O kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò bẹ̀rù rárá. Inú mi dùn ni! Nílùú tí àwọn ọmọ wa ti ń fi Pidgin dá wa lóhùn, ta ni kò ní dá ìyá àgbà tó fi Yorùbá kí i lóhùn? "Ẹ ṣé o, Màmá."

"Ẹ̀yìn igi tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Páìpù ti ká níbẹ̀."

Mo nawọ́ síbẹ̀. Háà! Igi ti tẹ páìpù pa. Ibi tí èmi ọ̀gá ti wò nígbà mẹ́wàá! Mo nà án tọ́.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Bọ́lá ti ń pariwo: "Mummy, breeze dey enter! E dey enter well well!"

Mo sáré lọ síbẹ̀. Kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ ihò atẹ́gùn, ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ gbé mi fò sókè.

"Mà, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá."

"Màmá wo?" ni ìyá Bọ́lá bi mí.

"Èyí tó ń pè mí ní ọkọ mi."

Ó di ilẹ̀kùn mú. "Ẹnjiníà, màmá mi kú nínú yàrá yìí lọ́dún tó kọjá," ló rọra wí. "Wọn ò rí èémí mí." Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín! "Gbogbo ọkùnrin ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀! Ẹ gbọ́ ohùn wọn?" Ó ń jó, omi ń dà lójú rẹ̀. Bọ́lá náà dìde, ó ń jó. Èmi nìkan ni mo rántí pé iná ò tíì dé.

Bọ́lá ò lọ Àkúrẹ́ mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo padà lọ yẹ iṣẹ́ mi wò. Fáànù ti jóná, ó ti pẹ́ gan-an, aláǹgbá ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Bọ́lá ń sùn fọnfọn nísàlẹ̀, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mo rọra gbé àkàbà mi. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo kìlọ̀ fún yín: bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má tún fáànù ṣe o.