Ìdajì Ti Ẹnu, Ìdajì Ti Ẹsẹ̀

Òórùn oògùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti pẹ́ jù lábẹ́ adìẹ, ó sì máa ń bá òórùn ògì gbígbóná àti èéfín igi jáde láti ilé ìdáná màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà láràárọ̀. Bí mo bá ti gbúròó ṣíbí nínú abọ́ báyìí, n ó ti fọwọ́ di imú kí màmá tó wọlé. Òṣogbo ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé màmá mi ni mo sá wá lọ́dún náà nítorí ẹsẹ̀ mi òsì, kí n lè wà nítòsí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú mi ní Iléṣà.

Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Alekúwodò, ní Òṣogbo níbẹ̀. Mo rò pé ojúgun tó bó náà ni gbogbo rẹ̀, mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ wú, tí ibà sì gbé mi dè. Ní Iléṣà, wọ́n ya fọ́tò egungun mi, dókítà sì sọ pé kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wá kó oògùn apakòkòrò fún mi pé kí n máa lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, láìfo ọjọ́ kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà yẹn, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Egungun le, mà, oògùn kì í tètè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá já a lágbede méjì, kòkòrò yẹn á gbọ́n sí i, ó sì lè di pé ká gé ẹsẹ̀ yìí." Gé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tábìlì mi wà ní ọ́fíìsì, bí mo bá sì dùbúlẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn nìkan ni mo máa ń rí.

Kápúsù ńláńlá ni oògùn náà, ìyẹ̀fun ló wà nínú wọn. Bí mo bá gbé e mì, á há mi lọ́fun, n ó sì bì í. Nígbà tí màmá mi rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n máa ṣí i fún ẹ, kí n máa pò ó mọ́ ògì." Ó tù mí lára gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: wọ́n á fún mi ní ògì mu, wọ́n á tú bándéèjì, wọ́n á fi omi iyọ̀ nu ojú egbò, wọ́n á sì tún un dì. Èmi kì í wo ibẹ̀. Ẹ̀rù ihò yẹn ń bà mí, ògiri ni mo máa ń kọjú sí títí wọ́n á fi ṣe tán.

Nígbà tó yẹ kí ojú egbò ti máa gbẹ, ọyún tún bẹ̀rẹ̀. Ara mi tún ń gbóná nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀fọn lásán jẹ mí lẹ́sẹ̀, mo ti pariwo pe màmá. Mo gbà lọ́kàn mi pé oògùn ti pàdé ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ mi wá láti Òṣogbo, ó ń dá mi lára yá pé ẹsẹ̀ náà kò ní í pẹ́ dára, èmi sì ń wo bàtà méjèèjì tó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rò ó pé èmi lè má nílò méjì mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí màmá mi tú bándéèjì sílẹ̀. Òórùn ẹyin yẹn gbá mi nímú. Mo ti mu ògì tèmi tán, wọ́n ti gbé abọ́ lọ. Ẹsẹ̀ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo yíjú kúrò lára ògiri, mo wo egbò náà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì rí ìyẹ̀fun tó gan mọ́ ọn lórí.

"Màmá, kí lẹ dà síbẹ̀?"

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Oògùn rẹ ni. Ìdajì ti ẹnu, ìdajì ti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ikùn kọ́. Ṣé kí n wá kó gbogbo rẹ̀ fún ikùn ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ta ni wọn ò da ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò fún rí nílé wa? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wo gbogbo orúnkún tí mo bó ní kékeré, gbogbo wọn ló sì jinná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, inú bí mi, mo pariwo mọ́ ìyá tó bí mi, mo ní wọ́n ti pa mí. Màmá mi rọra jókòó sórí àpótí. Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń ba ẹsẹ̀ ọmọ mi jẹ́?"

A lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí n tó rí ìjókòó, màmá mi ti ń rò fún dókítà, wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn yìí dé inú egungun. Èyí tẹ́ ẹ dà sójú egbò, òkè ló mọ." Màmá mi wá mi orí. "Àṣé ẹ̀kan ni. Orí ẹ̀ ni mo ń gé." Ẹni tó bá ti roko nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí ò ní í béèrè ìtumọ̀. Èèyàn á gé koríko yẹn mọ́lẹ̀ tónítóní, gbòǹgbò rẹ̀ á máa rìn lábẹ́ ilẹ̀, á sì gún usu, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iṣu, ní àgúnyọ sódì kejì.

"A ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀," ni dókítà wí. "Mi ò lè ṣèlérí pé kòkòrò náà ṣì máa gbọ́ràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bá mi gbé jù. Mò ń gbé kápúsù mì lódidi pẹ̀lú omijé, màmá mi á dúró lórí mi, wọ́n á ní, "La ẹnu," wọ́n á yẹ abẹ́ ahọ́n mi wò bí ẹni ń wá ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá wá di ẹsẹ̀ tán, wọn kì í dìde. Wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí bándéèjì, lófìfo, ètè wọn á máa mì sí àdúrà. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí fún ariwo tí mo pa. Èmi ń yíjú sí ògiri ní tèmi; àwọn ni wọ́n ń wo ihò yẹn lójoojúmọ́, wọn ò sì lè wò ó kí wọ́n má fi nǹkan kan sí i.

Ibà lọ, kò padà. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé láti ìsàlẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò, tí dókítà ní egungun ti mọ́, màmá mi bi í bóyá ó ń jẹ usu. Ó ní òun ń jẹ ẹ́. Kò mọ iye usu tó ń pè wá sílé ara rẹ̀.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń gun àtẹ̀gùn yẹn bíi ti gbogbo èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúgun máa ń ro mí nígbà ọyẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn á ṣe ohun tó tọ́ fún un. Mo ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ náà lè ṣi oògùn lò, pé ohun tó le jù fún un ni kó gbé ọwọ́ lófìfo dúró ti èèyàn. Bí màmá mi bá pè mí lórí fóònù lónìí, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè mi. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n máa ń wí. Mo máa ń ní ó wà, ó dúró dáadáa. Ìgbà náà ni wọ́n á tó wá kí ìyókù mi.