Màmá Bísí àti Ọkọ̀ Àgbà Tí A Ń Pè Ní Bàbá

Màmá Bísí o! Ẹ ti lọ, ẹ sì fi mí sílẹ̀ ní ìlú tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ orúkọ mi.

Láràárọ̀, kí aago méje tó lù, ẹ máa ń jókòó síwájú ọkọ̀, ẹ máa ń pa rédíò, ẹ sì máa ń ti gbogbo fèrèsé kí ariwo àdúgbò má bàa wọlé. Èmi á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, màá kúnlẹ̀, màá gbé etí lé orí àga níbi tí aṣọ rẹ̀ ti gbó tí fóòmù ti yọ jáde. Ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ kò ní jẹ́ kí íńjìnnì tíì dáhùn. Ẹ óò gbé ìka kan sókè pé kí n má mí. Abẹ́ àga yẹn ni táńkì epo wà, inú táńkì náà sì ni pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ fún íńjìnnì wà. Bí ara pọ́ǹpù bá yá, màá gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ùnnn, bí oyin tó há sínú agolo, á sì dúró kí n tó ka ení, èjì. Ẹ óò bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti jí?" Èmi náà á ní, "Wọ́n ti jí, mà." Ìgbà náà lẹ óò tó yí kọ́kọ́rọ́ dópin, tí Bàbá yóò sì gbéra.

Bàbá ni ẹ sọ ọkọ̀ yẹn nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dáhùn pé "Ó ti jí," ẹ yíjú padà wò mí. "Ó kẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni? Ọkọ̀ tó ti ń rìn kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ!" Mo rò pé ẹ bínú ni. Omi ti ń lé sí mi lójú kí n tó rí i pé ẹ̀rín ló ń mi èjìká yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ọkọ̀ ní "wọ́n."

Gbogbo Fẹgge, àdúgbò wa nílẹ̀ Ígbò níbí, mọ̀ yín sí télọ̀ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé fún ọmọ wọn, àti fún ọmọ àwọn ọmọ náà. Ẹ ń sọ Ígbò bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí maṣíìnì ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bá fẹ́ ṣe wàhálà, ẹ̀yin á ti gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Ẹ máa ń sọ pé, "Ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ yí ohùn padà kó tó bàjẹ́. Ènìyàn náà bẹ́ẹ̀." Èmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kàwé, mo gba yàrá ẹ̀yìn nínú ilé yín, oṣù kan gbáko ni mo sì fi ń mu gààrí nítorí ojú ń tì mí láti lọ bá àwọn olóúnjẹ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ gbọ́ tí mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà: "Ta ló ń sọ èdè mi nínú ilé yìí tí kò wá kí mi?" Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ oúnjẹ gbígbóná, ẹ̀yin lẹ sì bù ú.

Ọkàn yín ti ń ṣàárẹ̀ nígbà náà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà yín ní Àsàbà, ní òdì kejì afárá Odò Ọya. Ẹsẹ̀ yín tó wú ṣì lè tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n kò lè gun bọ́ọ̀sì, ẹ kò sì gba kí ẹlòmíràn gbé yín. Ẹ ní eré àwọn awakọ̀ ìlú yìí yóò pa yín kí àìsàn tó pa yín. Bí Bàbá kò bá ti rìn, ẹ kò ní rí dókítà nìyẹn. Mo mọ èyí dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. A ti dé àárín afárá, oòrùn ti mú, ọkọ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀. Bàbá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Tírélà kan wà lẹ́yìn wa tí fèrè rẹ̀ ń mi àga tí mo jókòó lé. Mo bojú wo ìsàlẹ̀, mo rí Odò Ọya tó fẹ̀ tó sì dúdú. Mo wo ọrùn yín, mo rí iṣan tó ń lù níbẹ̀ kíákíá. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò tíì jáde lára mi títí di òní. Ẹ ní, "Kẹ́mi, má wo odò. Gbé etí lé àga." Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan.

"Wọ́n ti dákẹ́, mà."

A jókòó síbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, tí àwọn awakọ̀ ń bú wa ní èdè mẹ́ta, kí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tó padà. Ọkọ̀ gbéra bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Emeka, mẹkáníìkì yín ní ẹ̀gbẹ́ Iweka Road, ní, "Mama, na plug." Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n tún dákẹ́. Ó ní, "Na filter." Ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Nígbàkígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Bàbá á máa ṣiṣẹ́ geere, Emeka á sì máa wò wá bí òpùrọ́. Ẹ ní, "Emeka, you don change everything, e remain me." Ó rẹ́rìn-ín: "Mama, this moto don old. Sell am, buy wrapper."

Ṣùgbọ́n èmi ti ń kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ sẹ́yìn ìwé mi láti ọjọ́ orí afárá. Bàbá kò dákẹ́ rí ní òwúrọ̀. Wọn kò dákẹ́ rí nígbà tí táńkì kún. Ìgbà tí ara wọn bá ti gbóná, tí epo sì ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ ni; bí wọ́n bá tutù, wọ́n á tún jí. Ìdí nìyẹn tí Emeka kì í fi í rí nǹkan kan, nítorí ọkọ̀ tó ti sinmi ni a máa ń gbé lọ bá a. Gbogbo ìgbà tó bá sì ṣẹlẹ̀, ohùn abẹ́ àga ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ó yé mi pé pọ́ǹpù ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀rù Emeka ń bà mí. Ẹ̀rù ẹ̀rín àwọn tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń bà mí. N kò lè sọ fún ẹ̀yin gan-an, nítorí mo mọ̀ pé ẹ óò fà mí lọ síwájú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé Emeka yóò rí i fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì kọjá tí ẹ kò lọ sí Àsàbà, nítorí ẹ ní ẹ kò ní kú sórí afárá. Méjì, Màmá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́, mo gbé ìwé náà wá. Ẹ kà á tán, ẹ kò bá mi wí. Ẹ kàn ní, "Dìde, ká lọ." Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tì mí síwájú: "My engineer wan talk." Emeka wò mí láti òkè délẹ̀. "Small madam, oya, teach me work." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rò pé wọn yóò rín. Síbẹ̀, mo sọ ọ́: kí ó má dán an wò ní tútù, kí ó dín epo kù, kí ó jẹ́ kí ó gbóná.

Wọ́n jẹ́ kí íńjìnnì ṣiṣẹ́ nínú oòrùn títí ó fi kú. Emeka gbé àga ẹ̀yìn kúrò, ó fi gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń dán iná wò kan ara wáyà pọ́ǹpù bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù tàn. Iná ń dé ibẹ̀, pọ́ǹpù ni kò dáhùn. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìdí sípánà rọra lu ìsàlẹ̀ táńkì lẹ́ẹ̀mejì. Ùnnn. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mama, na true this pikin talk." Ẹ dá a lóhùn ní Ígbò. N kò mọ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo, Emeka sì fi ọwọ́ bojú. Ó ní pọ́ǹpù tuntun yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ kò dúró dè é. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, èémí yín kò délẹ̀ mọ́. Àǹtí Bísí, ọmọ yín, ti dé láti Ìlọrin, ó ní òun yóò wa Bàbá lọ sí Àsàbà. Èmi ní ìdánwò, ẹ sì fi ọwọ́ júwe pé kí n lọ. A rọ epo kún táńkì. Mo fi sípánà há ẹ̀gbẹ́ àga, mo sọ fún Àǹtí pé bí wọ́n bá dákẹ́, kí ó lu ìsàlẹ̀ táńkì.

Lọ́sàn-án, bí mo ti ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, Àǹtí pè mí. "Kẹ́mi, wọ́n ti dákẹ́."

Mo ń sáré sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ mú sípánà, ẹ rọra lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n máa jí. Bí wọn ò bá jí, ẹ jẹ́ kí ara wọn tutù."

Ó ní, "Kẹ́mi. Bàbá kọ́. Màmá ni."

Bàbá ti gbé yín kọjá afárá láìdúró níbì kankan. Ilé ìwòsàn ni ọkàn yín ti dúró.

Màmá, gbogbo ilé ló ń yìn mí báyìí. Wọ́n ní èmi ni mo rí àìsàn ọkọ̀ Màmá Bísí. Kò sí ẹni tó bi mí nígbà wo ni mo rí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀, nítorí mo kọ ọjọ́ sí gbogbo rẹ̀, ẹ sì kà á. Dókítà kò sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì yẹn ló pa yín. Kò sì sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ti ń kọ èyí.

Obìnrin tó bu oúnjẹ fún àlejò kó tó bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ sùn o. Ẹ sùn ire, ìyá mi ní Fẹgge, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín. Lọ́la ni Àǹtí Bísí yóò kó àwọn ọ̀rọ̀ ìdágbére tó máa wà nínú ìwé ètò ìsìnkú yín lọ fún àwọn atẹ̀wé. Kí ó tó jáde, màá lọ bá a nínú yàrá yín, màá sọ fún un lẹ́nu ara mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi mọ̀ tí mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá fún un ní ọ̀rọ̀ ìdágbére tèmi yìí. Bí ó bá ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.