Àjà Tó Jò àti Ìwẹ̀ Ìyá Mi

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú àpò. Nígbà tí mo gbójú sókè nínú pálọ̀ wa ní Snellville, ní Amẹ́ríkà, mo rí àbàwọ́n kan lára àjà, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Balùwẹ̀ ló wà lókè ibẹ̀ gan-an, ìyá mi tó wá láti Ìbàdàn láti bá wa wẹ ọmọ tuntun ló sì ń lò ó. Wọn kì í lo ṣáwà. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, wọn a máa fi abọ́ bu omi sára díẹ̀díẹ̀, wọn a sì máa kọrin. Mi ò wo ibòmíràn mọ́. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Ìyàwó mi ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká call plumber, kó check inú ògiri yẹn first." Mo dá a lóhùn pé èmi tí mo ti wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù ti kúrò ní ọ̀gbẹ̀rì. Ní Sátidé, mo gun àkàbà, mo gé ibi tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ kúrò, mo fi pátákó funfun tuntun dí i, mo sì kùn ún lọ́dà. Mi ò tilẹ̀ yọjú wo ibi tí omi ti ń wá. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yangàn kì í rántí òwe.

Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo pe ìyá mi, níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ mi. Mo ní, "Mummy, this is not Nigeria o. Ẹ má fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ mọ́, ẹ̀ ń ba ilé jẹ́."

Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, bàbá mi."

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ orin mọ́. Ìyàwó mi ló sọ fún mi pé ìnura tútù ni ìyá mi fi ń nu ara báyìí. Mo ní ó máa mọ́ wọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi padà sí Ìbàdàn.

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n lọ, tí ẹnikẹ́ni ò lo balùwẹ̀ náà, àbàwọ́n tún yọ. Plumber tú ògiri, ó sì rí ìṣó gígùn kan tó gún páìpù. Èmi ni mo kàn án, nígbà tí mo ń fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀ kí ìyá mi má bàa yọ̀ ṣubú. Ọkùnrin náà bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní ẹni tó ta ilé fún wa ni. Ìyàwó mi wò mí.

Mo pe ìyá mi, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe omi mi. Mo máa ń nu ilẹ̀ gbẹ kí n tó jáde."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú àwọn ọmọ rẹ lo ti sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí o di òpùrọ́ lójú wọn."

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí, ojú sì ń tì mí síbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mo ní kí wọ́n tún wá kí wa. Wọ́n ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ rọra bi mí bóyá balùwẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa.