Epo Tí Wọ́n Dànù ní Madagascar

Àwọn ìyàwó kéékèèké tó wà ní ìjọ wa fẹ́ràn láti máa bi mí bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ọmọ tí àìsàn ò fi ní máa yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n rò pé irun mi tó ti funfun yìí, àṣírí kan ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo máa ń sọ fún wọn: ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun, ẹ má jẹ́ kí omi dúró sínú taya lẹ́yìnkùlé, ẹ̀fọn ń bí síbẹ̀. Wọ́n á máa mi orí, ọ̀kan nínú wọn á ti máa wo fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ pé: bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa o, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti gbójú sókè wò mí, torí pé òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ìyá kálukú wọn kọ́ wọn.

Èmi náà, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi.

Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Madagascar là ń gbé nígbà náà, ní New Bell, ní ìlú Douala ní Cameroon, nínú ọgbà kan tí wọ́n fi pákó kọ́ ìdajì rẹ̀, tí ìdílé Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀yà yòókù lọ. Ọkọ mi ń ta aṣọ lọ́jà. Àsìkò ọ̀dá owó tí wọ́n ń pè ní la crise ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ò rówó oṣù gbà, àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ wá ń rán èyí tó ti ya. Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, àwọn alátakò ìjọba tún dá ville morte sílẹ̀, pé kí gbogbo ìlú tì pa. Lọ́jọ́ ville morte, kò sí takisí, kò sí ọjà, ẹni tó bá sì láyà ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òkò ni wọ́n á fi kí i káàárọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí nǹkan rà, a sì ń rà á bí ẹni tí ogun ń lé bọ̀. Kẹrosíìnì tí a fi ń dáná, tí wọ́n ń pè ní pétrole níbẹ̀, inú ohun tó bá ṣófo la máa ń rọ ọ́ sí: ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ike omi, ohun tọ́wọ́ bá ṣáà ti tẹ̀. Kò sí yàrá kan nínú ọgbà yẹn tí wọn ò ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá wẹ ọmọ fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Ọmọ náà ti ń sáré kiri, ìyá ò tíì padà, torí pé ọ̀nà ò dára. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Pidgin, Yorùbá ló fi ń bá gbogbo ará Douala sọ̀rọ̀, ó sì máa ń bínú bí wọn ò bá dá a lóhùn. Oògùn gbogbo àìsàn ló mọ̀, àfi ti orúnkún tó ń dun òun fúnra rẹ̀. Àdí ló fi ń pa ọmọ lára nítorí gìrì. Efinrin tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní messep, òun ló ń gún fún inú rírun. Ní ti epo pupa, kò sí ohun tí kò lè ṣe lójú tirẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ohun tí kò yẹ kó gbé mì, kí wọ́n da epo sí i lẹ́nu, kó bì í, ó parí. Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ̀síwájú.

Yàrá tó kọjú sí tiwa, obìnrin ẹ̀yà Bamiléké kan ló ń gbé ibẹ̀, òun nìkan. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń jókòó tì látàárọ̀. Madame la máa ń pè é. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ kì í gbé ọmọ ẹni. Bí ọmọdé bá rá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á dìde, á ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin wa ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Wọ́n ní ẹni tí kò bímọ tí kò sì fẹ́ rí ọmọ ọlọ́mọ, ó ní ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò tiẹ̀ fi bò. Bí obìnrin náà bá ti jáde, á nawọ́ fa ọmọ mi sẹ́yìn ìró rẹ̀.

Ọjọ́ ville morte kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán. Ọkọ mi ti lọ sí Yassa, lẹ́yìn ìlú, lópin ọ̀sẹ̀ láti lọ wo ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ tà, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn níbẹ̀. Mo ń sá aṣọ. Mo gbọ́ ikọ́ kan báyìí, ikọ́ gbígbẹ, bí ẹni tí ata fún pa. Mo yíjú padà. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó di ike omi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, iwájú aṣọ rẹ̀ ti tutù. Òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, kí ojú mi tó gbà pé òun ló ń rí. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Òǹgbẹ ló gbẹ ẹ́, ó rí ike omi, ó gbé e sẹ́nu.

Mo lọgun. Mo ká ọwọ́ lé orí, mo ń fò sókè lójú kan bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò lọgun ní tirẹ̀. Ó gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gba ike lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àpótí ìdáná sábẹ́ ìdí.

Ó ní, "Epo! Ẹ bá mi gbé epo wá kíá!"

Wọ́n gbé igbá epo dé ká tó pajú dé. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà láàárín wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Ó na ọmọ náà sí orí itan, ó fi itan há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó wá ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí kòtò sí i lẹ́nu. Bí ọmọ ò bá fẹ́ mu, kò sí ibi tó máa gbà. Bí wọ́n ṣe rọ èmi náà dàgbà nìyẹn. Mo wò ó, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Mo ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ni Madame bá já sí wa láàárín, kò wọ bàtà. Ó ń ké pé, "No gif yi oil! Mama, no! If yi vomit, yi go die!"

Ó ní ká má fún un ní epo, pé bó bá bì, ó máa kú. Ìyá ọkọ mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ariwo lọ. Ó ní, "Kí lèyí ń wí? Ẹ lé e kúrò níwájú mi!" Ó sì tẹ igbá epo náà sí ọwọ́ tó ká sí ọmọ lẹ́nu.

Obìnrin náà gbá igbá dànù. Ó gbá a tòun ti ọwọ́ ìyá. Epo ta sí ìyá lójú, ó ta sí gèlè rẹ̀, ó ṣàn wálẹ̀ lórí ìró rẹ̀, igbá sì yí lọ sínú gọ́tà.

Títí di òní, bí mo bá rántí, ẹnu ṣì máa ń yà mí. Mi ò tíì rí i rí láyé mi kí ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí àgbà bẹ́ẹ̀, lójú ìyàwó ọmọ rẹ̀, lójú ará ìlú rẹ̀. Àwọn obìnrin figbe ta: "Ó lu ìyá! Ẹ gbà wá o, ó lu ìyá!" Ẹnì kan ti di Madame lẹ́wù mú láti ẹ̀yìn. Kò tiẹ̀ wo ẹni náà. Èmi ló ń wò, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

Ó ní kí n gbé ọmọ mi, ká máa lọ sílé ìwòsàn: "Ma sœur, prends ton enfant. On part à l'hôpital. Prends-la!"

Mi ò mọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́. Mi ò mọ ohun tí epo lè ṣe, kò sì sẹ́ni tó ráyè ṣàlàyé. Ojú rẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì já ọmọ mi gbà lórí itan ìyá ọkọ mi.

"Ìyàwó! Èmi lo já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni mo wí, mo sì sá jáde.

Ẹsẹ̀ la fi lọ, kò sí nǹkan tó ń rìn nílùú. Nígbà tó rẹ̀ mí, Madame gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Obìnrin tí kì í gbé ọmọ! Ó gbé e dúró ṣánṣán sí èjìká, ó ń sáré, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Lóríta kan, àwọn ọ̀dọ́ ti to tábìlì àti taya dí ọ̀nà. Ó pariwo mọ́ wọn pé ọmọ ti mu kẹrosíìnì: "L'enfant a bu le pétrole!" Ọ̀kan nínú wọn gbóòórùn aṣọ ọmọ náà, ó sì fúnra rẹ̀ gbé tábìlì kúrò fún wa.

Ní ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ọmọ náà ti bì. Mo ní rárá. Ó ní kí la fún un mu. Mo ní a ò fún un ní nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n bọ́ aṣọ ọmọ náà, kí n fi ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, ó sì ń fi ohun èlò rẹ̀ gbọ́ àyà rẹ̀. Ó ní kẹrosíìnì tó bá lọ sí ikùn, ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá mú un bì, kẹrosíìnì náà á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ohun tó ń pa ọmọ gan-an nìyẹn. Ó ní àwọn tí wọ́n bá ti da epo sí lẹ́nu kí wọ́n tó gbé wọn wá, òun kì í fẹ́ wo ojú ìyá wọn.

Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo ti rí igbá epo lẹ́nu ọmọ mi, kò kù ju ìka kan lọ. Mo yíjú láti fi ẹni tó gbà wá han dókítà, àmọ́ Madame ò wọlé. Ìta ló dúró sí, ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n dá wa dúró títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀, tí ọmọ sì béèrè oúnjẹ. Nígbà tí a padà dé ilé, ọkọ mi ti fẹsẹ̀ rìn dé láti Yassa, àwọn àgbà ará ìlú wa sì ti pé sí ọgbà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń retí. Wọ́n ní Madame gbọ́dọ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ ìyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó jáde nínú ọgbà. Inú bí mi débi pé mi ò kí wọn tán tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí dókítà wí ni mo tú sílẹ̀ níwájú wọn. Ìyá ọkọ mi nìkan ló fèsì.

"Epo? Epo tí mo fi tọ́ bàbá ọmọ yìí?" Ó dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. "Mú mi lọ bá a. Kó sọ ọ́ sí mi létí, ibi tó ti mọ̀ ọ́n."

Èmi àti ìyá la dá ọgbà kọjá, ọmọ mi wà lápá mi. Madame wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó rí wa, ó dìde, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Mo bi í ní ìbéèrè ìyá.

Ó ní, "I be get pikin. Boy. Yi drink pétrole." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Na me gif yi oil. Ma own hand. Plenty people dey, nobody no stop me."

Ìyá ọkọ mi ń wo ẹnu mi, ó ń retí Yorùbá rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ó dà bíi pé bí mo bá sọ ọ́, ọmọ náà á tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Mo sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ó ní òun bímọ rí, ọkùnrin. Ó mu kẹrosíìnì. Òun fúnra òun lòun rọ ọ́ ní epo. Ó ní èrò pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá òun dúró."

Mo rí ìyá tó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, mo rò pé ó fẹ́ ṣubú ni, mo ti na ọwọ́ sí i. Kì í ṣe ìṣubú. Ó ń kúnlẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi, tí èmi gan-an máa ń kúnlẹ̀ kí ní àràárọ̀, tí àwọn àgbà ọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ fún, fi orúnkún dídùn náà lélẹ̀ níwájú obìnrin tí òun lè bí lọ́mọ. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn figbe ta lẹ́yìn wa.

Madame ti bá wa gbé pẹ́ tó láti mọ ohun tó ń rí. Ó ní, "Non, Mama, non, non," ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀. Nígbà tí kò rí ìyá gbé dìde, òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n di ara wọn ní apá mú, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Èmi nìkan ló dúró lójú ọ̀nà, ọmọ mi ń mí sí mi lọ́rùn, mi ò sì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ gbé dìde nínú àwọn ìyá méjèèjì.