Ìgbà Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ ní Ghulail

Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní Ghulail, ara mi á gbóná. Ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù.

Obìnrin Sòmálíà kan ni aládùúgbò mi ní àdúgbò Sharafiyah nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Jídà wá ṣiṣẹ́ dókítà, a sì di ọ̀rẹ́. Ogun ló lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọkọ rẹ̀ sí Nọ́wè, ó sì gbé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, tẹ̀ lé e lọ. Ìyá rẹ̀ ò rí ìwé tí yóò fi bá wọn lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni màmá yìí fi ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú fóònù.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ náà wá ṣe Úmúrà. Àwọn tó kó wọn wá sí Mẹ́kà ò fún wọn ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ ní Jídà. Ọ̀sán kan fún ọdún mẹ́fà! Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀ mí kí n wá sílé ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Ghulail, nítorí ọmọ náà ò gbọ́ èdè Sòmálíà mọ́, kò sì gbọ́ Lárúbáwá. Èdè Nọ́wè àti Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀, ọmọ á ti sùn kó tó délé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sáré jáde lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá rẹ̀, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo wá di ògbufọ̀ láàárín màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Láti ìdájí ni màmá ti ń dáná. Ó gbé àwo ńlá kan ṣoṣo kalẹ̀ sórí ẹní: ìrẹsì, ẹran ewúrẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ bu ìrẹsì mọ́ ẹran, ó nà án sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan oúnjẹ mi," ló wí fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ló wí, Dókítà?" ni màmá bi mí ní Lárúbáwá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú àgbà? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ.

"Ó ní òun ti yó, Àlàájà."

Màmá rọra dá ìrẹsì náà padà. Ó ní a kì í fipá bọ́ ẹni tó yó, ó gbé àwo náà wọ ilé ìdáná lọ.

"Kí ló dé tí wọ́n ń gbé e lọ?" Omi ti lé ròrò lójú ọmọ náà. "Ebi ń pa mí. Abọ́ tèmi ni mo fẹ́. Nílé wa, kálukú ló ní abọ́ tirẹ̀."

Ó yẹ kí n pe màmá padà. N kò pè é. Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́ irọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi tí mo purọ́ ni mo tún ń báni wí!

Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa dé, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú ti ń fun fèrè níta. Ọmọ náà fẹkún ro ẹjọ́ fún un, òun náà sì tú u fún màmá ní èdè wọn. Kò sáyè pé à ń wá abọ́ mọ́.

Màmá ò pariwo. Ó kọjú sí mi.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń retí kí ọmọ yìí bá mi sọ̀rọ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ èébú ló bú, èmi ló bú. Ta ló ní kí o gbà á lọ́wọ́ mi?"